Kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn Òkè

Èmi ni mo to àga.
Àádọ́ta ni wọ́n béèrè, mo to méjìléláàádọ́ta,
nítorí àlejò kì í ka ara rẹ̀ mọ́ iye.
Ọjọ́ Ajé ni, ọyẹ́ ti fọ́ gbogbo ètè l'Ọ́yọ̀ọ́.
Obìnrin tí wọ́n pè wá láti Ìbàdàn ta aṣọ funfun mọ́ ògiri,
ó tan iná sí i, ọ̀rọ̀ yọ:
GBOGBO WA LA NI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ YÌÍ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn. N kò ní parọ́.
Ó ní ká má fi ojú ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín.
Mo wà lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti ìgbálẹ̀,
èmi Ládòkun, tí olóòlà bu àbàjà fún kí n tó gbọ́n,
tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń pè ní Bàbá Ológbò.
Ọ̀gá àwọn akọ̀wé wò mí, ó wo ilẹ̀.
Òun náà ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n pe orúkọ.
Nígbà tó kan Doosuur, ahọ́n obìnrin náà kọsẹ̀,
ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé kí n kúkú máa pè ọ́ ní Ìdòwú?"
Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọ Tífì ni ọmọbìnrin náà, àkọ́bí ìyá rẹ̀,
kò tẹ̀lé ìbejì kankan wá sáyé.
Ó dáhùn ṣáá. Ó ti ń jẹ́ Ìdòwú láti èṣí,
bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn nítorí òjò.

Ìyádùnní, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, jókòó síwájú,
ó ń ka ètè olùkọ́ni bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Ìgbàkígbà tí ìyẹn bá kọjú sí ògiri,
lẹ́tà náà á ya.

Àtẹ̀gùn méjìlá ló wà. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ló ń nù ún.
Nísàlẹ̀, lábẹ́ igi dóńgóyárò,
Gbádégẹṣin jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ó gbé ìwé lé itan, ó ń gbọ́ pàtẹ́wọ́ wa.
Láàárọ̀, ọkùnrin mẹ́rin fẹ́ gbé e bí àpò àgbàdo.
Ó ní rárá.
Wọ́n ní ìgbéraga ni.

Lọ́jọ́ kejì obìnrin náà béèrè:
"Ta ni kò sí láàárín wa?"
Ẹ̀rọ tó ń tanná sógiri nìkan ló ń kùn.
Àga mẹ́ta ló ṣófo.
Méjì jẹ́ èènì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹta, mo parọ́.
Mo ní kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn,
ó di ọ̀la kí káfíńtà tó dé.
"Níbo la ó wá jókòó sí?"
Mo ní yàrá kan wà nísàlẹ̀, ibi tí a ń kó àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí,
mo ti gbá a.
Láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń gbá a.
Òórùn ìwé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀,
aláǹgbá kan ṣì ń mirí lójú fèrèsé.
Gbádégẹṣin yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ ilé bàbá rẹ̀,
kò sọ ọ̀rọ̀ kankan tí ènìyàn lè fi ṣe ìwàásù.
Ó ní eku ń rùn, ẹ ṣí fèrèsé.

Wọ́n pín ìwé-ẹ̀rí nírọ̀lẹ́.
Ohun tí wọ́n kọ sára ti Doosuur ni Ìdòwú D.
Tèmi kò sí.

Ìyádùnní nìkan ló rí mi
nígbà tí mo ti kọ́kọ́rọ́ tó pé pérépéré bọ inú ìbọ̀sẹ̀.
Ó wojú mi, ó fi ìka méjì kan àgbọ̀n rẹ̀,
ó yí wọn síta bìrí.
Bóyá ọpẹ́ ni. Bóyá òpùrọ́ ló pè mí.
Láti ìgbà náà mo ń ṣe é nílé, níwájú dígí:
ìka méjì, àgbọ̀n, bìrí,
títí ìyàwó mi fi béèrè pé
kí ló ń yún mi.